Zao: Orúkọ Tí Ó Pẹ́ Ju Àwọn Tí Ó Sọ Ọ́ Lọ

Bí ọba mẹ́rin bá jẹ lórí ìlú kan láàárín ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìlú náà ti di ìlú mìíràn. Ilẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, odi rẹ̀ wà níbẹ̀, oríkì rẹ̀ kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin kò ní ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní odi. Ohun tí ó ní kò ju ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, pẹ̀lú ohùn wọn, ohun èlò wọn, àti orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá lọ tán, tí àwọn mìíràn sì bọ́ sí ipò wọn, kí ni ó kù tí a lè pè ní ẹgbẹ́ náà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ lásán fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Zao. Àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1993. Nígbà tí yóò fi di 2006, kò ku ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ náà nínú ẹgbẹ́. Síbẹ̀ orúkọ náà kò parẹ́, àwo orin sì ń jáde. Ohun tí ó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i ni pé kì í ṣe orin nìkan ni àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà gbé dání. Wọ́n gbé ìwàásù dání pẹ̀lú.

Kí ìtàn náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ irú orin tí wọ́n ń kọ. Hardcore ni wọ́n ń pè é. Inú orin punk ni ó ti jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1980, láti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ bí Bad Brains àti Minor Threat ní Washington, àti Black Flag ní California. Orin kúkúrú ni. Òmíràn nínú wọn kì í tó ìṣẹ́jú méjì. Ìlù rẹ̀ ń sáré kíkankíkan, jìtá rẹ̀ ń hó bí ẹ̀rọ ọlọ, akọrin rẹ̀ kì í sì í wá ohùn dídùn kiri: igbe ni ó ń ké. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ìjà ni ó bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n igbe náà ní ìlànà. Akọrin tí kò bá mọ bí a ti ń lo èémí àti ọ̀nà ọ̀fun yóò pàdánù ohùn rẹ̀ láàárín alẹ́ mélòó kan. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dún ketekete nínú irú igbe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ a máa tẹ ọ̀rọ̀ orin sínú àpò àwo, àwọn olùgbọ́ a sì máa kọ́ ọ sórí. Nígbà tí akọrin bá na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí wọn lójú agbo, ogún ẹnu ni yóò gbè é lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú iyàrá kékeré ni wọ́n sábà máa ń ṣeré yìí, nínú gbọ̀ngàn àdúgbò tàbí nísàlẹ̀ ilé ìjọsìn, níbi tí orí ìtàgé kò ti ga ju ilẹ̀ lọ. Kò sí àlàfo láàárín olórin àti olùwòran. Èyí ṣe pàtàkì fún ìtàn tí ń bọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tí ó wá wòran lónìí lè di ẹni tí ń ta jìtá lọ́la. Bí onílù ẹgbẹ́ kan bá lọ, àárín àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣeré ni wọn yóò ti wá ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ fi wọ inú orin yìí. Larry Norman ti fi orin rọ́ọ̀kì wàásù láti 1969, ó sì ti gba ìbáwí tirẹ̀. Ní 1984, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ The Crucified bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Fresno ní California, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ Kristi sínú igbe hardcore. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n nì, Jimmy Swaggart, tẹ odidi ìwé jáde ní 1987 láti bá irú orin bẹ́ẹ̀ wí, ó ní ìkookò tí ó wọ awọ àgùntàn ni. Ìdáhùn àwọn ọ̀dọ́ kò le: wọ́n ní ohun èlò lásán ni orin, ohun tí a bá bù sínú igbá ni igbá ń gbé. Ní 1993, Brandon Ebel dá ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo orin jáde sílẹ̀, ó pè é ní Tooth & Nail. Ní 1997 ilé-iṣẹ́ náà ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún àwọn orin tí ó le jù, ẹ̀ka náà sì ń jẹ́ Solid State. Àjọ̀dún orin Cornerstone náà wà ní ìpínlẹ̀ Illinois, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dọọdún láti 1984 títí di 2012, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ láti ìlú kéékèèké ti máa ń pàdé ara wọn. Láìsí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, bóyá ni ẹnikẹ́ni ní òde West Virginia ì bá fi gbọ́ orúkọ Zao rárá.

Ìlú Parkersburg, tí ó wà létí odò Ohio ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Jesse Smith ni onílù. Roy Goudy ń ta jìtá. Eric Reeder ni ó kọ́kọ́ ń kọrin, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Shawn Jonas fi gba ipò rẹ̀, tí ó fi hàn pé ìyípadà ti wà nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó ṣe àwo kan ṣoṣo. Orúkọ tí wọ́n yàn wá láti inú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ó túmọ̀ sí kí ènìyàn wà láàyè. Ní 1995 ni àwo wọn àkọ́kọ́, All Else Failed, jáde láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Steadfast. Ní àkókò yìí, kò sí iyèméjì nípa ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọn a máa dá orin dúró láàárín eré, wọn a sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, wọn a sì pe àwọn tí ó wà níbẹ̀ sí ìrònúpìwàdà. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò lè jókòó nílé ìsìn fún wákàtí kan, ibẹ̀ ni ìwàásù ti kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n létí. Tooth & Nail ni ó gbé àwo kejì jáde. Àkọlé rẹ̀ gùn, The Splinter Shards the Birth of Separation, ó sì mẹ́nu ba ìbí ìyapa. Ìyapa náà kò sì pẹ́ kí ó tó dé.

Ní 1997 gbogbo wọn lọ, àfi Jesse Smith.

Onílù nìkan ni ó ṣẹ́kù. Kò sí akọrin, kò sí oníjìtá. Ó ṣeé ṣe fún un láti jẹ́ kí orúkọ náà sùn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ mú àwọn ọ̀dọ́ láti agbègbè Greensburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania: Daniel Weyandt láti máa kọrin, Russ Cogdell àti Brett Detar láti máa ta jìtá. Ní 1998 wọ́n gbé Where Blood and Fire Bring Rest jáde lábẹ́ Solid State. Ẹni tí ó bá fi àwo yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti 1995 yóò rò pé ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Igbe Shawn Jonas jẹ́ igbe ènìyàn tí inú ń bí. Ti Weyandt tinrín, ó gbẹ, ó sì ń ha bí ẹni tí ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyára orin náà dínkù, jìtá rẹ̀ wúwo sí i, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ń dẹ́rù bani. Ohun tí ó yí padà jùlọ ni ọ̀rọ̀ orin. Àwọn àkọ́kọ́ ń bá olùgbọ́ sọ̀rọ̀: yí padà, gbàgbọ́, dìde. Weyandt ń bá ìbànújẹ́ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ikú àwọn tí ó fẹ́ràn ni ó ń sunkún lé lórí, ìgbàgbọ́ inú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí ń di okùn mú lókùnkùn. Ìwé Jóòbù ni ó súnmọ́ jù, kì í ṣe ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì.

Ohun ìyanu ni pé àwo yìí gan-an ni ó sọ Zao di olókìkí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, ni ó kọ́ ọnà jìtá àti igbe láti ibẹ̀. Èyí ni pé Zao tí ayé mọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Parkersburg. Zao kejì ni, ènìyàn kan ṣoṣo ni ó sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ìlù, tí àwọn olùwòran kì í tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀.

Detar kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ mìíràn tí orin rẹ̀ tutù ju èyí lọ, The Juliana Theory, ìyẹn ni ó sì yàn láti gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí mú ìtàn ẹgbẹ́ mìíràn wá sọ́kàn tí ó dára láti fi wé Zao. Strongarm, ẹgbẹ́ hardcore onígbàgbọ́ láti Florida, ṣe àwo méjì fún Tooth & Nail ní 1995 àti 1997, lẹ́yìn náà ó tú ká. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò tú ká kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n wá akọrin tuntun, Chris Carrabba, ohùn orin wọn yí padà, wọ́n sì fún ara wọn ní orúkọ tuntun: Further Seems Forever. Ní Florida, àwọn ènìyàn kan náà ni, orúkọ ni ó yàtọ̀. Ní Pennsylvania, orúkọ kan náà ni, àwọn ènìyàn ni ó yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ará Florida ní alábòsí, nítorí pé wọ́n jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ sinmi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá di orúkọ àtijọ́ mú ti di ajogún, ajogún a sì máa jogún gbèsè pọ̀ mọ́ ọrọ̀.

Ní 1999 àwo tí ó tẹ̀lé e dé, Liberate Te Ex Inferis. Scott Mellinger ti wọlé láti ta jìtá, Rob Horner sì ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Àkọlé rẹ̀ jẹ́ èdè Látìn, inú sinimá adẹ́rùbani kan tí ó jáde ní 1997 ni wọ́n sì ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí ènìyàn gba ara rẹ̀ là kúrò ní ọ̀run àpáàdì. Wọ́n to àwọn orin inú rẹ̀ sí abẹ́ márùn-ún nínú àwọn agbo ọ̀run àpáàdì tí akéwì Ítálì nì, Dante Alighieri, ṣàpèjúwe. Àwọn òbí kan tí wọ́n rí àwo náà lọ́wọ́ ọmọ wọn kò lè gbà pé ti onígbàgbọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ka Dante mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀run àpáàdì ni ó kọ ọ́.

Zao ti 2001 àti Parade of Chaos ti 2002 kò ní dá wa dúró púpọ̀. Ìgbà tí ẹgbẹ́ ń tú ká tí ó sì ń kóra jọ ni, ohùn àwọn àwo náà sì fi hàn pé ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2003 wọ́n ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n padà sí All Else Failed, àwo 1995, wọ́n sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn olùdásílẹ̀, Jesse Smith nìkan ni ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ orin tí a ti kọ kí Weyandt tó dé ni ó wá bọ́ sí i lẹ́nu. Obìnrin ilé a máa kọ́ oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n ju ọmọ bíbí inú ilé lọ, kò sì sí ẹni tí ń bi í pé kí ni ó kàn án. Bákan náà ni èyí rí, ó sì tún yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni ọ̀rọ̀ inú àwo náà. A lè kọ́ oríkì. Ó ṣòro láti kọ́ ẹ̀rí. Ní ti ohùn, èyí ti 2003 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì: ìlù rẹ̀ dún, jìtá rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ìkánjú àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n gbàgbọ́ pé ẹnì kan nínú iyàrá yẹn lè ṣègbé bí àwọn kò bá yára sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò mọ ìgbésí ayé irú àwọn olórin wọ̀nyí lè rò pé ìjà ni ó ń lé wọn lọ. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìgbà púpọ̀, owó ni. Ẹgbẹ́ bí èyí a máa fi ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan rin ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, márùn-ún nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ẹ̀rọ. Orí ilẹ̀ ilé àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń sùn. Owó tí wọ́n bá rí nínú eré kan lè má ju owó epo ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ìlú kejì. Ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí ni wọ́n ń tà láti fi jẹun. Ọmọ ogún ọdún lè fara dà á. Nígbà tí ó bá pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tí ó gbé ìyàwó, tí ilé ìwé tàbí iṣẹ́ ń pè é, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ yóò kan bá a ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ń lọ ni ó yẹ kó ya ni lẹ́nu, bí kò ṣe pé àwọn kan kò lọ.

Ní 2004 Zao kúrò lábẹ́ òrùlé àwọn onígbàgbọ́, ó sì gbé The Funeral of God jáde lọ́dọ̀ Ferret, ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìsìn. Ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo orin inú rẹ̀ jọ ń sọ: ìtàn ayé tí ó kọ Ọlọ́run sílẹ̀, àti ohun tí ó dé bá ọmọ ènìyàn nínú rẹ̀. Ní sáà yìí ni Jesse Smith náà bọ́ sílẹ̀, okùn tí ó so orúkọ náà mọ́ Parkersburg sì já. Jeff Gretz wá di onílù, Marty Lunn sì ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Wọ́n lọ bá Steve Albini ní Chicago, ẹni tí ó ti gba ohùn Pixies àti Nirvana sílẹ̀, tí kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú orin ìsìn, ó sì bá wọn gba The Fear Is What Keeps Us Here sílẹ̀, èyí tí ó jáde ní 2006.

Níbí ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Apá kan nínú àwọn olùgbọ́ sọ pé orúkọ náà ti di òfìfo. Wọ́n ní tìtorí ìwàásù ni wọ́n fi ra àwo àkọ́kọ́, tìtorí rẹ̀ ni àwọn òbí fi gbà kí wọ́n lọ sí òde eré, bí ìwàásù bá sì ti tán, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin mìíràn wá orúkọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi lélẹ̀. Apá kejì dáhùn pé kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn inú Zao jẹ́ àlejò lẹ́ẹ̀kan náà. Smith bá Weyandt ṣiṣẹ́, Weyandt àti Mellinger sì bá Gretz àti Lunn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó wà nílé ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ń bọ̀. Ní ti orin, òtítọ́ wà pẹ̀lú apá kejì yìí: ẹni tí ó bá gbọ́ àwo 1998 tẹ̀lé ti 2006 yóò mọ̀ pé àtọmọdọ́mọ ni. Ní ti ẹ̀jẹ́ ìwàásù, apá àkọ́kọ́ ni ó jàre, nítorí pé ẹ̀jẹ́ náà kò bá orúkọ rìn. Kò sì sí bí ó ṣe lè bá a rìn. Onílù lè kọ́ ẹni tuntun ní orin àtijọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní ìyípadà ọkàn tí ó bá òun alára ní Parkersburg.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bá ìṣòro kan náà pàdé. Underoath, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Florida ní 1997, pààrọ̀ akọrin ní 2003, nígbà tí Dallas Taylor lọ tí Spencer Chamberlain sì dé. Ní 2006 àwo wọn Define the Great Line wọlé sí ipò kejì lórí ìwé ìkàyé àwo títà jákèjádò Amẹ́ríkà, ibi tí ó ṣòro fún irú orin bẹ́ẹ̀ láti dé. Wọ́n tú ká ní 2013, wọ́n padà ní 2015, nígbà tí àwo wọn ti 2018 sì ń jáde, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ mọ́. Ibẹ̀, kì í ṣe àwọn ènìyàn ni ó pààrọ̀ ara wọn. Ohun tí ó wà nínú àwọn ènìyàn ni ó yí padà. Àwọn tí ó rò pé bí àwọn olùdásílẹ̀ Zao ì bá dúró, ẹ̀jẹ́ náà ì bá dúró pẹ̀lú wọn, ní láti ro ọ̀ràn Underoath wò dáadáa.

Awake? jáde ní 2009, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọdún méje tẹ̀lé e láìsí odidi àwo tuntun. The Well-Intentioned Virus ni ó fọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní 2016, The Crimson Corridor sì tẹ̀lé e ní 2021. Russ Cogdell, tí ó ti lọ nígbà kan, ti padà síbi jìtá rẹ̀. Àwọn márùn-ún, Weyandt, Mellinger, Cogdell, Lunn àti Gretz, ni wọ́n wà níbẹ̀, iye ọdún tí Weyandt nìkan sì ti lò nínú Zao nígbà náà ti tó ìlọ́po méjì iye tí Jesse Smith, olùdásílẹ̀ tí ó pẹ́ jù, lò nínú rẹ̀.